Ìpá: Ìránpọ̀ tàbí Àbùlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin kan ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yí rédíò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìpá ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé "Bàbá, a máa ṣe é," ìbéèrè kan ló yẹ kó tẹ̀ lé e: ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà ṣe é? A kì í sábà bèèrè rẹ̀. A ó bèèrè iye owó, a ó bèèrè ọjọ́ tí a ó padà sílé, a ó wọ tíátà, a ó dùbúlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá wá rán sí wa lára di àṣírí láàárín dókítà àti Ẹlẹ́dàá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí, iyàn náà kò sì tí ì tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ìpá kan wà tó jẹ́ pé omi ló kún àpò ẹpọ̀n. Bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá. Ìyẹn kọ́ ni tòní. Tòní ni èyí tí ìfun, tàbí ọ̀rá inú ikùn, ń gba ibi tí itan ti pàdé ikùn yọ jáde. Ẹni tó ní i mọ̀ ọ́n: bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé, bó bá wúkọ́, bó bá gbé ẹrù, bó bá ń tiraka nílé ìgbẹ́, á tún yọ. Nígbà tó bá pẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ dé inú àpò ẹpọ̀n, débi pé ṣòkòtò kò ní gbà á mọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọkùnrin ló ń dà láàmú jù? Nínú oyún, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ni kórópọ̀n ọmọkùnrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè nínú ikùn ni, nítòsí kíndìnrín. Bí ìgbà ìbí ti ń súnmọ́, á máa sọ̀ kalẹ̀, á gba àárín iṣan ikùn kọjá lọ sínú àpò rẹ̀, á sì fa díẹ̀ lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀nà yẹn pa dé. Lára àwọn ọmọ kan, kì í pa dé. Lára àgbàlagbà ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà náà lè ti dé tipẹ́, kó wá jẹ́ pé ògiri ẹran tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, nítorí ikọ́ tí kò lọ, nítorí sìgá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú ọkùnrin 100, nǹkan bí 27 ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nígbà ayé wọn. Nínú obìnrin 100, nǹkan bí 3. Káàkiri ayé, ó lé ní mílíọ̀nù 20 tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Kò sí àgbo tó lè dí ihò yẹn lára àgbàlagbà. Bẹ́líìtì ìpá náà kò lè dí i; ó kàn ń tì í mọ́ inú ni.

Ìtàn iṣẹ́ abẹ ìpá bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin ará Ítálì kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ orí ìbọn gún ní ìsàlẹ̀ ikùn. Edoardo Bassini lorúkọ rẹ̀. Ní 1866 ló gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bá àwọn ọmọlẹ́yìn ọ̀gágun Garibaldi jáde láti gba ìlú Róòmù, wọ́n sì pàdé àwọn ọmọ ogun Póòpù ní Villa Glori. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún un, tí wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ọ̀bẹ náà dé ìfun, ìgbẹ́ ń gba ojú egbò jáde, ó sì pẹ́ kó tó sàn. Bóyá ọgbẹ́ yẹn ló darí rẹ̀, bóyá òun kọ́. Ibi tí wọ́n ti gún un gan-an ló wá sọ ọ́ di olókìkí.

Kí Bassini tó dé, ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé wọ́n á la ara, wọ́n á so ọrùn àpò tí ìfun ń gbà jáde, wọ́n á gé e, wọ́n á rán awọ padà. Kò ní pẹ́ tí ìpá á tún fi yọ. Bassini sọ pé ẹ̀bi àpò kọ́, ẹ̀bi ògiri ni. Ní ìlú Padua, níbi tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó la ògiri ẹ̀yìn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kó ìpele iṣan mẹ́ta pọ̀, ó sì rán wọn mọ́ okùn líle tó na láti egungun ìbàdí dé egungun iwájú abẹ́. Ó kéde rẹ̀ ní 1887, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1889. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ọkùnrin yìí ni pé ó tún ń wá àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún kiri, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá ìpá ti padà. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kì í bojú wẹ̀yìn tí egbò bá ti jinná.

Àmọ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń rìn jìnnà ló ń dín kù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọ kò la ògiri ẹ̀yìn mọ́. Iṣan tó wà lókè ni wọ́n kàn ń fà wálẹ̀ tí wọ́n ń rán, tí wọ́n sì ń pè é ní ti Bassini. Nígbà tí ìpá wá ń padà, Bassini ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká wo aṣọ tó ya. Ẹni tó bá fa etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó sì rán an, aṣọ á dé, ṣùgbọ́n ó ti fún. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá lóṣòó, ẹ̀gbẹ́ ojú ìrán yẹn ni yóò tún ya. Ẹlòmíràn á wá aṣọ mìíràn bù ú lẹ̀, kò ní fa nǹkan kan. Ìránpọ̀ ni ti Bassini. Lórí fífún yẹn ni gbogbo iyàn tó tẹ̀ lé e dá lé.

Ní Kánádà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ń já níbi àyẹ̀wò nítorí ìpá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò tó láti fi ṣe é fún wọn. Dókítà Edward Earle Shouldice bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún wọn, nígbà tó sì di 1945, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Toronto. Ó ṣì wà títí dòní, ní Thornhill lẹ́bàá ìlú náà. Ìpá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ibẹ̀. Shouldice padà sí ohun tí Bassini ṣe gan-an. Ó la ògiri ẹ̀yìn, ó wá ń ká a lé ara rẹ̀, ó ń fi wáyà irin tín-ín-rín rán an ní ìlà mẹ́rin, kí ìlà kan má baà dá gbogbo ìfàgùn náà gbé. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n ń fún aláìsàn, pẹ̀lú oògùn tó ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Bí wọ́n bá ti parí, á sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Ẹni tó bá sanra jù, wọ́n á ní kó lọ dín ọ̀rá kù kó tó wá.

Ní 2016, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó lé ní 235,000 jáde, gbogbo wọn ní ìpínlẹ̀ Ontario tí Toronto wà nínú rẹ̀. Nínú ẹni 100 tí wọ́n ṣe ní Shouldice, nǹkan bí 1 ló tún padà ṣe é. Ní àwọn ilé ìwòsàn yòókù, ó tó nǹkan bí 5. Ẹ lè ní wọ́n ń yan aláìsàn, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ara wọn sì le. Òótọ́ ni, ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, dókítà tó ń fi òwúrọ̀ gbogbo rán ìpá, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín àpẹ́ńdísì àti egungun tó kán.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀nà Bassini ṣì wà ní ọ̀pọ̀ jẹ́nẹ́rà ọsibítù, òun àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn náílọ́ọ̀nù hun lọ hun bọ̀ láàárín iṣan àti okùn líle yẹn. Moloney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa hínhun yìí ní 1948. Náílọ́ọ̀nù kò wọ́n, kò sì ṣòroó rí. Mi ò bá àwọn tó ń bú u ṣe. Ọ̀pọ̀ bàbá ni wọ́n ti ṣe é fún, tí wọ́n padà sóko, tí wọ́n sì lò ó dọjọ́ alẹ́.

Àbùlẹ̀ ló kàn. Ní 1958, Francis Usher, oníṣẹ́ abẹ ní Houston, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ nípa nẹ́ẹ̀tì oníke tó ṣeé fi sínú ara ènìyàn láìjẹ́ kó jẹrà. Nígbà tó yá, wọ́n yí i sí pólípropilíìnì, irú ike tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Wọ́n ń lò ó fún ìpá tó ti padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí ẹran kò bá sí láti rán mọ́. Irving Lichtenstein ní Los Angeles ló bèèrè ìbéèrè tó rọrùn: kí ló dé tí a fi ń dúró kó padà ká tó bù ú lẹ̀? Láti 1984, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi nẹ́ẹ̀tì ṣe é fún gbogbo ẹni tó wá. Wọ́n á la ara níwájú, wọ́n á ti àpò ìpá padà sínú, wọ́n á tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sórí ògiri tó rọ̀ náà, wọ́n á là á díẹ̀ kí okùn kórópọ̀n lè gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò fa nǹkan kan mọ́ra. Ara fúnra rẹ̀ á hù wọ inú àwọn ihò nẹ́ẹ̀tì náà. Ní 1989, wọ́n ròyìn ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn láìsí ìpá kankan tó padà, lẹ́yìn ọdún kan sí márùn-ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí tàn kárí ayé ni pé ó rọrùn láti kọ́. Ìlà mẹ́rin Shouldice gba kí ènìyàn jókòó ti ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́. Nẹ́ẹ̀tì Lichtenstein, dókítà tó jáfáfá lè mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀ tó fún un, aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ní 2018, wọ́n kó ìwádìí 25 jọ, àwọn tó wà nínú wọn lé ní 6,000: bí wọ́n bá fi nẹ́ẹ̀tì ṣe é fún ènìyàn 46 dípò ìránpọ̀, ẹnì kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìpá tó ń padà. Ẹnì kan nínú 46. Àǹfààní gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ iye yẹn lẹ́nu ẹni tó ń ta nẹ́ẹ̀tì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀nà oníkámẹ́rà wọlé. Ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n á lu sí ikùn, wọ́n á fẹ́ gáàsì sí i kí àyè lè wà, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ á gba ìyókù, dókítà á máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn iṣan ni wọ́n ń tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sí, láti inú wá. Àwọn kan ń wọ inú ikùn gan-an, àwọn kan ń gba àárín iṣan àti awọ inú láìwọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó kan aláìsàn ni pé ìrora rẹ̀ kéré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ìpá bá wà ní ọ̀tún àti òsì, ihò mẹ́ta yẹn náà ni wọn yóò gbà ṣe méjèèjì. Bí wọ́n bá sì ti gba iwájú ṣe é rí tó padà, inú jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀bẹ kò tíì dé, tí àpá kò sí. Ṣùgbọ́n oògùn oorun pátápátá ló sábà ń gbà, ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó tún gba ọwọ́. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti àwọn ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin 1,983 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn: àwọn kan gba nẹ́ẹ̀tì láti iwájú, àwọn kan gba ti kámẹ́rà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìpá ti padà lára nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn tó gba ti kámẹ́rà, àti lára nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó gba ti iwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ibẹ̀, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní kámẹ́rà kò dára. Ẹ ka síwájú. Nígbà tí wọ́n wo àwọn dókítà tó ti ṣe ti kámẹ́rà ju 250 lọ, èyí tó padà lára aláìsàn tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn lò o. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fọwọ́ sí kí ènìyàn máa sáré lé ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n kọ "kámẹ́rà" sára pátákó. Ẹ bi dókítà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, mélòó lẹ ti fi èyí ṣe?" Kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà kì í sọ tó, ìyẹn ìrora tó ń pẹ́. Fọ́nrán ìmọ̀lára mẹ́ta ló ń gba ojú ibẹ̀ kọjá. Bí okùn ìrán tàbí nẹ́ẹ̀tì bá mú ọ̀kan, tàbí tí àpá bá fún un, ibẹ̀ lè máa ta ènìyàn fún oṣù tàbí ọdún. Ìlànà àgbáyé tí àwọn onímọ̀ ìpá gbé jáde ní 2018 sọ pé nínú ẹni 100, nǹkan bí 10 sí 12 ni ìrora tó ní ìtumọ̀ ń bá fínra lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn bí ọjọ́ ti ń lọ. Lára àwọn díẹ̀, ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránpọ̀ náà ń fa irú rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ní ẹbí ní London tàbí ní Houston, tó ń gbọ́ pé àwọn kan ń pe ẹjọ́ lórí nẹ́ẹ̀tì ní kóòtù, má rò pé bí wọn kò bá ti fi nẹ́ẹ̀tì sí i, ó ti bọ́. Dókítà tó wá àwọn fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí kó tó rán ohunkóhun ló ń dín in kù. Ti kámẹ́rà náà ní ìrora tó ń pẹ́ tó kéré sí ti iwájú.

Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ló ń kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, tó wá nínú páálí, lè wọ́n ju gbogbo ohun tí àgbẹ̀ kan tà nínú oṣù kan lọ. Ní Íńdíà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Tongaonkar bojú wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ike ni nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, ike ni ti ẹ̀fọn. Ihò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Ó gé e, ó sè é kí kòkòrò kú, ó lò ó, ó sì kọ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Burkina Faso. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Takoradi ní Ghana pẹ̀lú, níbi tí ẹgbẹ́ Operation Hernia, tí Andrew Kingsnorth àti Chris Oppong dá sílẹ̀ ní 2005, ti ń ṣe ìpá fún àwọn tí kò lówó. Àwọn alárìíwísí ní kò bójú mu, pé nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń lé ẹ̀fọn ni wọ́n ń fi sí ọmọ ènìyàn nínú.

Uganda ló dá wọn lóhùn. Jenny Löfgren láti ilẹ̀ Sweden àti àwọn dókítà Uganda tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú ọkùnrin 302 ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì. Ìdajì gba nẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, tí owó rẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là 125 nígbà náà. Ìdajì gba nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tí ègé rẹ̀ kò ju dọ́là kan lọ. Àwọn aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n fún wọn. Àbájáde náà jáde ní 2016 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó lókìkí, New England Journal of Medicine. Lẹ́yìn ọdún kan, ìpá padà lára ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó gba nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Nínú àwọn tó gba ti ilé iṣẹ́, kò padà lára ẹnì kankan. Ẹnì kan sí òdo nínú ènìyàn 302: ìyẹn kò tó ìyàtọ̀. Kòkòrò tó ń wọ egbò àti ìrora kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ìdajì méjèèjì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má tú nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbé lọ bá dókítà. Èyí tí wọ́n lò kò ní oògùn ẹ̀fọn lára. Irú ike tó jẹ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ wádìí, nítorí irú rẹ̀ kan wà tó ń sún kì nínú ooru ẹ̀rọ ìsenǹkan. Ìwọ̀n 121 Celsius ni wọ́n sè é dé, wọn kò jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn àti ìjọba ni láti fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, kò yẹ kó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú mọ́. Ohun tó dára ni ohun tí a ti dán wò lára ènìyàn tí a sì rí i pé ó ṣiṣẹ́, ibi yòówù kí wọ́n ti rà á.

Ta wá ni yóò ṣe é? Ní Ghana, wọ́n kọ́ àwọn dókítà tí kì í ṣe ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní ọ̀nà Lichtenstein, wọ́n fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn ọ̀gá, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2019: tiwọn kò kéré sí ti àwọn ọ̀gá. Ìròyìn yẹn dùn mọ́ mi nínú nítorí àwọn jẹ́nẹ́rà ọsibítù wa, níbi tó jẹ́ pé dókítà méjì péré ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ dárúkọ Mohan Desarda láti Pune ní Íńdíà, tó kọ nípa ọ̀nà tirẹ̀ ní 2001. Kò lo nẹ́ẹ̀tì rárá: ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ti ń gé ìgbáànú kékeré lára awọ líle tó bo ibẹ̀, tó ń fi í bo ògiri tó rọ̀. Ní ilẹ̀ Poland, wọ́n fi wé ti Lichtenstein lára ọkùnrin 208. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èyí tó padà dọ́gba. Ó tọ́ kí a máa ṣọ́ ọ, níbi tí nẹ́ẹ̀tì kò sí pàápàá.

Bó bá jẹ́ èmi ni bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí wọn kò ṣe rí, nẹ́ẹ̀tì láti iwájú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀ ni màá gbà, màá sì sùn sílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ méjì ni, tàbí tó ti padà rí, màá wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kámẹ́rà lọ. Bí nẹ́ẹ̀tì kò bá sí, ìlà mẹ́rin Shouldice, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ti obìnrin yàtọ̀: ohun tó dà bí ìpá yìí lára wọn lè jẹ́ èyí tó gba ìsàlẹ̀ okùn líle yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ itan, èyí tó ń tètè há. Fún ìdí yìí, kò yẹ kí ìyá kankan fi falẹ̀, kámẹ́rà sì dára fún wọn níbi tó bá wà. Ọmọdé kò nílò nẹ́ẹ̀tì, kò nílò ìránpọ̀ ògiri. Bí wọ́n bá ti so ọrùn àpò náà, ó ti tó, torí ògiri ọmọdé le.

Ẹlòmíràn á ní, "Tèmi kò dùn mí, ṣé n ò lè fi sílẹ̀?" Wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 720 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2006. Nínú àwọn tó fi í sílẹ̀, ìpá tó há kò tó ẹni 2 nínú 1,000 lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún mẹ́wàá, 68 nínú 100 ti wá ṣe é fúnra wọn, ìrora ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Ilé ìwòsàn sì sún mọ́ àwọn yẹn. Ẹni tó wà ní abà, tó jẹ́ pé ọ̀kadà àti ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ló máa gbé e lóru, kò yẹ kó fi ìṣírò àwọn ará Amẹ́ríkà sinmi.

Bí ìpá bá le gbandi, tí kò wọlé mọ́, tó ń dun ènìyàn, tí ẹni náà ń bì, tí kò lè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ìfun ti há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibẹ̀ mọ́. Kí ẹ má fi ọwọ́ tì í, kí ẹ má fún un ní àgbo ìyàgbẹ́, kí ó má jẹ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Bí ìfun bá ti kú, gígé ni wọn yóò gé e, dókítà lè máà fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì sí ibi tó ti dọ̀tí, gbogbo yíyàn tí mo ń kà sílẹ̀ láti àárọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan ti tẹ̀ wá láago pé ṣé ènìyàn lè bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè bímọ. Okùn tó gbé àtọ̀ wà lójú dókítà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ṣíṣe é léṣe ṣọ̀wọ́n. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà bó bá jẹ́ kórópọ̀n kan ṣoṣo lẹ ní, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é, ẹ rìn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ pé kí ènìyàn máa dùbúlẹ̀ fún oṣù kan ti di ti àtijọ́. Iṣẹ́ orí tábìlì, ẹ padà sí i bí ara bá ti gbà á. Ẹrù wúwo àti ọkọ́ oko, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí ẹ lè máa yàgbẹ́ láìtiraka.

Ìbéèrè yín lórí ìwọ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ti pọ̀ nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nírú àkókò yìí, a ó mú un.